Ọkọ̀ Ojú Omi Tí Bàbá Dọ́ńkàn Kò Wọ̀

Àga mẹ́ta ló wà níwájú pẹpẹ ní ìjọ aláṣọ funfun kan tó wà lẹ́yìn Rye Lane, ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ti àárín ni ti Bàbá Ìjọ. Láti oṣù kẹta ọdún yìí ni àga náà ti ṣófo, látìgbà tí Bàbá Adésànyà, tó fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n jókòó sórí rẹ̀, ti sọ pé eegun òun ò gba òtútù mọ́, tó sì padà sí Ìlárá. Orúkọ ẹni méjì ni ìgbìmọ̀ alàgbà lẹ̀ mọ́ ara ògiri pé ọ̀kan nínú wọn ni yóò gba ipò náà. Alàgbà Boaz ni ọ̀kan. Ìkejì ni Alàgbà Dọ́ńkàn, òyìnbó.

Kì í ṣe òyìnbó lásán o. Ará Sìkótíláǹdì ni, ó sì máa ń tẹnu mọ́ ọn bí ará Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n pè ní ará Ìjẹ̀bú. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni. Ó fẹ́ àga náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ kò sọ ọ́. Adépéjú, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ló mọ̀, nítorí pé bàbá rẹ̀ ti gbé aṣọ funfun tuntun lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ránṣọ ní Deptford kí ìgbìmọ̀ tó jókòó rárá.

Greenock ni wọ́n ti bí i, ìlú tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí iṣẹ́ ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ó wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1978. Ó rí iṣẹ́ púlọ́ńbà, ó rí yàrá kan ní Peckham, kò sì mọ ẹnikẹ́ni. Bó ṣe dé inú ìjọ ni ìtàn rẹ̀ pọ̀ lóríṣiríṣi. Àwọn ọmọ ìjọ tí kò sí níbẹ̀ ló mọ ìtàn náà jù. Wọ́n ní iná bù yẹ̀rì láti inú bọ́ílà, ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná, tó ń tún ṣe. Wọ́n ní ohùn kan pè é lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì dojú bolẹ̀.

Dọ́ńkàn fúnra rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tó sọ ni pé ní ọdún 1983, ọ̀gá òun rán òun lọ tún bọ́ílà gbọ̀ngàn ìjọ náà ṣe. Omi ti kún ilẹ̀. Adésànyà, tí kò tíì di Bàbá Ìjọ nígbà náà, dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ funfun, ó ní ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà wọlé.

"Ọ̀gá, omi ló wà nílẹ̀ yẹn," ni Dọ́ńkàn wí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.

"Mo rí i. Ṣé omi ni mo ní kó bọ́ bàtà ni?"

Ó bọ́ ọ. Ó ní ohun méjì ló jẹ́ kí òun bọ́ ọ: òórùn ìrẹsì tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, àti ọmọbìnrin kan tó ń fi àkísà nu omi, tó ń wo òun, tó sì ń rẹ́rìn-ín. Ìbídùn lorúkọ ọmọbìnrin náà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ó fẹ́ ẹ.

Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ kò ga. Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi ń kúnlẹ̀ ha àbẹ́là tó yọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìsìn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún un ní agogo lù. Lẹ́yìn agogo, wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́ ilé. Wọ́n ta òróró sí i lórí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ta á lẹ́ẹ̀kejì, ó di alàgbà. Yorùbá rẹ̀ kò wá láti ojú pópó. Inú ìwé orin àti ẹnu Ìbídùn ló ti kọ́ ọ, nítorí náà, bó bá fẹ́ ra ata ní ìsọ̀ Àmínát lórí Rye Lane, á ní, "Arábìnrin, lóòótọ́ ni mo wí fún ọ, ata yìí ti rà."

Àmínát, tó jẹ́ Mùsùlùmí, á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. "Wòlíì Ọlọ́run, ẹ má gégùn-ún fún mi o. Ẹ mú tọ̀hún."

Ìdí mìíràn wà tó fi tètè ga, ó sì yẹ kí ẹni tó bá ń gbọ́ ìtàn yìí mọ̀ ọ́n. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, onílé tó ni gbọ̀ngàn náà fẹ́ gbà á padà. Alàgbà márùn-ún ló lọ bá a. Adésànyà ló wọ kóòtù, ó so táì, ó gbé ìwé dání. Dọ́ńkàn ti ibi iṣẹ́ wá nínú aṣọ iṣẹ́ tó ní ìdọ̀tí. Onílé na ọwọ́ kọjá níwájú Adésànyà, ó bọ Dọ́ńkàn lọ́wọ́, ó ní, "Inú mi dùn láti rí yín, ọ̀gá." Látọjọ́ náà, ibikíbi tí ìjọ bá ti ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lú òyìnbó, Dọ́ńkàn ni wọ́n ń tì síwájú. Wọn kò pàdánù gbọ̀ngàn náà.

Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ onílé lọ́jọ́ yẹn, Adésànyà fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ní ayé amúnisìn, àwọn ará ìlú ẹ wá bá wa l'Ékòó pẹ̀lú àpótí kan ṣoṣo. Kọ́dún mẹ́wàá tó pé, wọ́n ti di ọ̀gá ilé ìtajà, wọ́n ti ń bá gómìnà jẹun. Ìwọ náà wá bá wa ní Peckham. Ó ṣe tán, iṣẹ́ wa ni ká máa sọ yín di èèyàn ńlá."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Dọ́ńkàn náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó délé, ó bi ìyàwó rẹ̀ léèrè bóyá awọ òun ni wọ́n ń gbé ga.

Ìbídùn ń gé ẹ̀fọ́, kò gbójú sókè. "Awọ ẹ ló ṣílẹ̀kùn lónìí. Àmọ́ ta ló fi ọdún mẹ́rin ha àbẹ́là? Awọ ò mọ àbẹ́là-á ha."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Dọ́ńkàn fi ọkàn tẹ̀ lé títí Ìbídùn fi kú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

Ní ti Boaz, ọdún 1999 ló dé, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, pẹ̀lú àdírẹ́sì kan tí wọ́n kọ sẹ́yìn àpòòwé. Ẹni tó ni àdírẹ́sì náà ti kó lọ. Oṣù mẹ́jọ ni Boaz fi sùn ní pálọ̀ Dọ́ńkàn. Dọ́ńkàn kọ́ ọ ní iṣẹ́ púlọ́ńbà, ó mú un wọ ìjọ, ó dúró tì í lọ́jọ́ tó gbéyàwó. "Ẹ̀gbọ́n" ni Boaz ń pè é, kò pè é ní orúkọ rí. Bí àwọn èèyàn bá ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé àbúrò dúdú, ẹ̀gbọ́n funfun, Boaz á ní, "Ṣé àwọ̀ ni wọ́n fi ń bímọ ni?"

Nǹkan kan wá ṣẹlẹ̀ ní ọdún méjì sẹ́yìn, ní kíṣìnì Dọ́ńkàn, lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Boaz wọlé, ọtí ń rùn lẹ́nu rẹ̀. Ìjọ náà kò fàyè gba ọtí rárá. Alàgbà tó bá mu ún, ìwẹ̀nùmọ́ ọjọ́ méje ni, kò sì ní gba ipò kankan fún ọdún mẹ́ta. Boaz jókòó, ó bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ ti kú nílé, ìwé ìrìnnà rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìjọba fún àtúnṣe, wọ́n sì ti sin ìyá náà láìsí òun. Látọjọ́ yẹn ló ti ń mutí láàárọ̀, kó tó jáde lọ sẹ́nu iṣẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti bàjẹ́. Ẹ wo àwọn bíi tiyín. Ìyàwó yín kú, ẹ ò mì. Èmi ni mi ò já mọ́ nǹkan kan."

Dọ́ńkàn kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ fún ọkùnrin tó ń sunkún. Ní Greenock, bí ọkùnrin bá ń sunkún, wọ́n á fi yàrá sílẹ̀ fún un ni. Ó wò yíká kíṣìnì, ó sì sọ ohun tó kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu.

"Èmi náà mu."

"Ẹ mu kí ni?"

"Wisikí. Ọ̀sẹ̀ tí Ìbídùn kú. Mo lọ sílé, ní Greenock, mo wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí òdìkejì, mo sì mu ìgò kan tán lórí rẹ̀. Mo ju ìgò sínú omi." Boaz ti dákẹ́, ó ń wò ó. Dọ́ńkàn rí i pé ìtàn náà ń ṣiṣẹ́, ó bá fi iyọ̀ sí i. "Ọkùnrin kan tó dé fìlà pupa ń wò mí, ó ń mi orí."

Kò sí òótọ́ kan nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí Ìbídùn kú, Dọ́ńkàn kò kúrò ní Peckham. Ó ti tó ogójì ọdún tó ti wọ ọkọ̀ náà kẹ́yìn, ọtí kò sì kan ẹnu rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́kọ́ ta òróró sí i lórí. Bàbá rẹ̀ ló máa ń mu wisikí lórí ọkọ̀ yẹn, òun tí ó jẹ́ ọmọdé á sì máa wo omi. Ṣùgbọ́n Boaz nu ojú rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin náà, Ẹ̀gbọ́n?" Wọ́n jọ gbàdúrà. Dọ́ńkàn rò pé irọ́ tó ṣe èèyàn lóore ni, kò sì bi ara rẹ̀ léèrè nípa rẹ̀ mọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí wọ́n lẹ orúkọ méjèèjì mọ́ ògiri, lọ́jọ́ Sátidé, ìgbìmọ̀ alàgbà jókòó ní agogo mọ́kànlá àárọ̀. Ohun àkọ́kọ́ ni kíka ìwé ìran. Ìwé ńlá kan ni, tí akọ̀wé ń kọ ohun tí àwọn aríran bá rí sínú rẹ̀. Àṣà ìjọ náà ni pé bí ìran bá ti wọ inú ìwé, ẹnikẹ́ni kò lè yọ ọ́. Ẹni tó bá bá mu ló gbọ́dọ̀ dìde dáhùn.

Ìyá Tinúadé ló ríran lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Olùtọ́jú arúgbó ni ní Lewisham, obìnrin jẹ́jẹ́ tí ìjọ bọ̀wọ̀ fún. Akọ̀wé ka ìran rẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé ọjà:

"Ọkùnrin aláṣọ funfun kan, lórí ọkọ̀ ojú omi. Ìgò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ohun inú rẹ̀ pọ́n bí oyin. Ọkùnrin kan tó dé fìlà pupa ń wò ó, ó ń mi orí. Ó mu ún tán, ó ju ìgò sínú omi. Olúwa ní kí àga àárín má ṣe gba ẹni náà."

Alàgbà kan bi Tinúadé bóyá ó dá ọkùnrin náà mọ̀. Ó tẹ orí ba, ó ní, "Ojú rẹ̀ funfun."

Àwọn èèyàn kò tilẹ̀ ní láti yí ọrùn wò ó. Ṣùgbọ́n Dọ́ńkàn kò tíì ronú nípa ojú funfun. Fìlà pupa ló gbá a láyà mú. Òun ló dá fìlà yẹn fúnra rẹ̀, ní kíṣìnì, ní ìwọ̀n ìgbà tí kẹ́tù fi hó. Ẹ̀mí kan kò lè rí fìlà yẹn ní ibikíbi, àyàfi lẹ́nu ẹni kan ṣoṣo tó gbọ́ ọ.

Ó wo Boaz. Boaz ń wo kápẹ́ẹ̀tì.

"Alàgbà Dọ́ńkàn," ni alága ìgbìmọ̀ wí, "kí lẹ rí sí i?"

"Ẹ fún mi láyè di ọ̀la."

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé náà, Adépéjú ti Brockley wá. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró, kò tíì bọ́ kóòtù.

"Wait. So ẹ ò mu ún?"

"N kò mu ún."

"Uncle Boaz ló ń mu."

"Ó ti jáwọ́."

"Daddy! Ó snake yín! Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ láti fi tù ú nínú, òun ló gbé lọ. Ẹ dìde lọ́la, ẹ sọ fún wọn. Ìṣẹ́jú kan péré, it's done."

"Ó sunkún níwájú mi, Péjú. Ohun tí èèyàn bá sọ nínú ẹkún, a kì í gbé e jáde."

"Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ òfin yẹn o. Òun ò mọ̀ ọ́n."

Dọ́ńkàn mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó tún mọ ohun tí Adépéjú kò rò: bí òun bá dárúkọ Boaz, Boaz lè sẹ́. Èwo ni ìjọ yóò gbà, ọ̀rọ̀ òyìnbó tí ìran ti mú, àbí ti ọmọ wọn? Ọdún mọ́kànlélógójì, kò tíì bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn rí. Ó yà á lẹ́nu pé kò mọ ìdáhùn rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, ìgbìmọ̀ jókòó. Dọ́ńkàn dìde.

"Ẹ̀yin ará, n kò wọ ọkọ̀ kankan. N kò mu wisikí. Kò sí fìlà pupa. Ìtàn ni mo pa fún ẹnì kan láti fi tù ú nínú. Irọ́ ni."

Ìkùnsínú dìde. Ìyá Tinúadé gbé ojú sókè, ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Alàgbà, ṣé Ẹ̀mí Mímọ́ ló wá ń purọ́ ni?"

"Rárá, Ìyá. Èmi ni mo purọ́. Ẹnì kan ló sì gbé irọ́ mi wá bá yín."

Ìyá náà tún tẹ orí ba. Kò sọ pé ẹnikẹ́ni kò bá òun sọ̀rọ̀. Bí ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ bá kíyè sí i, kò sọ ọ́.

"Ta ni ẹni náà?" ni alága bi í. "Ẹ dárúkọ rẹ̀, ká pè é, kó jẹ́rìí yín."

Dọ́ńkàn wo ibi tí Boaz jókòó sí. Ó dúró. Ó rò pé bí òun bá dúró pẹ́ tó, Boaz yóò dìde. Kò retí kó jẹ́wọ́ ọtí o. Kó kàn ní, "Èmi ni, ó sọ ọ́ láti tù mí nínú," kó jókòó. Gbólóhùn kan ni. Ọkùnrin tó sùn ní pálọ̀ rẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ kò lè ṣe aláìní gbólóhùn kan.

Boaz dìde lóòótọ́. Ó tún aṣọ funfun rẹ̀ ṣe.

"Ẹ̀yin àgbà," ó ní, "ẹ jẹ́ ká fi àánú ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n. Ọ̀fọ̀ ìyàwó kì í ṣe ohun kékeré. Ẹnikẹ́ni lè ṣubú."

Wọ́n ní "Àmín." Àwọn obìnrin méjì nu ojú. Ojú àánú ni wọ́n fi wo Dọ́ńkàn, òun ló sì dùn ún ju bí wọn ì bá tilẹ̀ ti bú u. Ìgbìmọ̀ kò pẹ́ rárá. Ìwẹ̀nùmọ́ ọjọ́ méje. Ọdún mẹ́ta láìgba ipò. Kí Alàgbà Boaz gba àga. Wọ́n tẹ́ ẹní fún Dọ́ńkàn pé kó kúnlẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà ìdáríjì.

Ó wo ẹní náà. Ìkúnlẹ̀ kì í ṣe ohun tó le fún un; orúnkún rẹ̀ ti mọ ilẹ̀ yẹn ju ti ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ. Ṣùgbọ́n bó bá kúnlẹ̀, ó ti mu wisikí náà nìyẹn.

"Ẹ ṣeun," ó ní. "N kò ní kúnlẹ̀ fún èyí."

"Alàgbà, ẹ má gbéraga o!" ni ẹnì kan kígbe. Ẹlòmíràn ní, ní ohùn tí kò kéré tó, "Òyìnbó ṣáà ni."

Ó jáde. Ní ojú títì, oòrùn mú, àwọn èèyàn ń ti ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn bọ̀ pẹ̀lú kúlà oúnjẹ lọ́wọ́. Kò tíì dé igun tó fi gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Boaz ni, ó ń sáré, aṣọ funfun ń fẹ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun. Mi ò ní in lọ́kàn bẹ́ẹ̀. Mo kàn ní kí Ìyá Tinúadé bá yín fi í sádùúrà ni. Mo ní kí wọ́n ràn yín lọ́wọ́."

"Nígbà wo lo sọ fún wọn?"

Boaz wo ilẹ̀.

"Ọdún méjì ló ti wà lọ́wọ́ ẹ, Boaz. Ṣé ọ̀sẹ̀ tí wọ́n lẹ orúkọ wa mọ́ ògiri ni o wá rántí pé mo nílò àdúrà?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ẹ mu ún! Ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ. Èmi ò purọ́ mọ́ yín." Ohùn rẹ̀ ga, ó tún walẹ̀. Ó wo ojú Dọ́ńkàn bí ẹni tó ń wá nǹkan níbẹ̀. "Àbí… ṣé lóòótọ́ lẹ ò mu ún?"

"N kò mu ún."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀ fún mi?"

"Nítorí pé ò ń sunkún."

Boaz gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Ó na ọwọ́ bí ẹni pé ó fẹ́ di apá aṣọ rẹ̀ mú, ọwọ́ náà kò dé ibẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, obìnrin kan ké jáde pé wọ́n ti ṣetán, òróró ti wà nínú àwo.

"Bàbá Ìjọ! Bàbá Ìjọ o!"

Ọkùnrin méjèèjì ló yí orí. Dọ́ńkàn ló kọ́kọ́ yí tirẹ̀ padà, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ sí ibùdókọ̀.